Gbogbo Wọn Tẹ Rárá

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí ọmọ mi Gbémi ń kọ́ ní yunifásítì, màá ní Business Information Technology, màá sì yára yí ọ̀rọ̀ padà kí ẹ má baà bi mí ní ìkejì. Ohun tó yé mi níbẹ̀ ò ju pé wọ́n máa ń wo ohun tó ń da ibi iṣẹ́ kan láàmú, wọ́n á sì fi kọ̀ǹpútà wá ojútùú sí i. Ní ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí fóònù ẹnikẹ́ni bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Gbémi dà?" Nọ́ọ̀sì ni èmi, ní Decatur níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì náà ni mo fẹ́ kó ṣe. Ó lóun ò lè máa wo ẹ̀jẹ̀. Mo bínú, mo bínú, ó sú mi, mo gbà fún un.

Ní ọdún tó máa fi jáde, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ètò kan fún àwọn èèyàn gidi, kí àwọn èèyàn náà lò ó, kí olùkọ́ sì wá fojú ara rẹ̀ rí i. Bí wọn ò bá lò ó, kò sí máàkì. Bí kò bá sí máàkì, Gbémi ò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gboyè ní May.

Gbémi ní tòun á jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn àgbàlagbà wa fọ́n káàkiri, ti Ellenwood, ti Loganville, ọ̀pọ̀ wọn ò sì wa ọkọ̀ mọ́. Ní Atlanta yìí, ẹni tí kò bá wa ọkọ̀, wọ́n kúkú ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ti Bàbá Oyèkànmí ló dùn mí jù. Ìyàwó wọn ló máa ń fi ọkọ̀ gbé wọn kiri, láti ìgbà tí màmá sì ti lọ sinmi, a ò rí bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí a bá ní ká wá gbé wọn, wọ́n á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mò ń gbọ́ ìwàásù lórí fóònù."

Gbémi bá ṣe app. Láàárọ̀ Sátidé, app náà á bi àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan pé ṣé wọ́n fẹ́ kí bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé wọn lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni wà níbẹ̀, Rárá náà wà níbẹ̀, lẹ́tà gbàgbà-gbàgbà tójú àgbà lè rí. Ó lọ láti ilé dé ilé, ó fi í sórí fóònù wọn, ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Akín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní òun á wa bọ́ọ̀sì.

Sátidé àkọ́kọ́ dé. Gbogbo wọn tẹ Rárá.

Gbémi ní ó dáa, bóyá wọ́n ti rí ẹni gbé wọn. Akín padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Àfi bí ìsìn ṣe parí ní Sunday tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Màmá Ọláníyọnu ló pè láti Loganville. Wọ́n ti wé gèlè láti àárọ̀, wọ́n jókòó sí ojú wíńdò, wọn ò rí ẹnì kankan.

"Grandma, but ẹ tẹ No now!" Gbémi ló ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù.

"Ṣé kí n wá tẹ Bẹ́ẹ̀ ni bí ọ̀kánjúwà ni? Mo ní rárá kí ẹ lè bẹ̀ mí!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ ọmọ mi ń sunkún, mo gbé ẹ̀rín mì.

"Mummy, what am I supposed to do? They said no. All of them. Professor ń bọ̀ next Sunday!"

"Gbémi, bí àlejò bá wọlé, tí mo ní ṣé ó máa jẹun, kí ló máa ń sọ?"

"That he's full."

"Kí la máa ń ṣe?"

"We bring the food."

"Ṣé ó máa ń jẹ ẹ́?"

"Gbogbo ẹ̀." Ó nu ojú. "So kí n kàn ignore No wọn?"

"Bí ẹnì kan ò bá wá lè wá lóòótọ́ ńkọ́? Kí Akín wa bọ́ọ̀sì dé Loganville lásán?"

Ó tún ka àwọn Rárá náà lórí fóònù rẹ̀. Nígbà tó yá ló ní, "Mummy, àwọn people yìí kan náà, bí a bá ní kí wọ́n help wa, ṣé wọ́n máa ń ní rárá?"

"Láéláé! Bàbá Oyèkànmí pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, bí o bá ní kí wọ́n wá bá ọ gbé fíríìjì, wọ́n á wá."

 Ó ṣí kọ̀ǹpútà.

Ní Sátidé kejì, ohun tí app sọ fún wọn nìyí: "Ẹ káàárọ̀ o. Akín ló ń wa bọ́ọ̀sì lọ́la, ọ̀nà náà sì jìn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá bá a jókòó?" Bọ́tìnnì kan ní, "Màá bá a jókòó." Èkejì ní, "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ní Sunday, bọ́ọ̀sì ya wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó kún fọ́fọ́ fún àwọn tó wá bá Akín jókòó. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ láti iwájú, nínú agbádá funfun, ni Bàbá Oyèkànmí. Mo pariwo, mo sáré lọ kúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi láìtijú. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Professor Whitfield, olùkọ́ Gbémi, ti ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá bàbá.

"Sir, did Gbémi's app help you get here today?"

"Help me?" Bàbá tún agbádá ṣe sí èjìká. "No, no, madam. I don't need any help."

Gbémi sorí kọ́. Bí ọwọ́ mi bá lè bo bàbá lẹ́nu ni, ǹ bá bò ó. Olùkọ́ ti ń kọ nǹkan.

"It is this boy that needs help," bàbá ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, wọ́n nawọ́ sí Akín tó fi puff-puff dí ẹnu. "All the way from Ellenwood! Somebody must sit with him."

Ọwọ́ olùkọ́ dúró. Ó wo Akín. Ó wo Gbémi. "And next Sunday, sir?"

"Ah, every Sunday! Ta ni wọ́n fẹ́ fi í lé lọ́wọ́?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ìyá ìyá òun ní Macon, ìwà bàbá yìí gan-an ló ní. Ó bá di ọmọ mi lọ́wọ́ mú. "You found out what to ask them, Gbémi. I'll see you in May." Mo jó níbẹ̀ láìsí orin.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo wá bàbá kiri kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti wà níwájú bọ́ọ̀sì, wọ́n ti de bẹ́líìtì, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn.

"Akín! Ó yá ká lọ o! Àbí o fẹ́ kílẹ̀ ṣú kí n tó mú ọ délé ni?"