Ohùn Tí Elétí Yàn

Elétí ni gbogbo àdúgbò ń pe atún-dùrù-ṣe náà. Ojú rẹ̀ kò ríran láti kékeré, ṣùgbọ́n bí okùn dùrù kan bá yẹsẹ̀ díẹ̀ báyìí, á ti gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, gbé àpò rẹ̀ wọlé. Kọ̀ǹpútà ilé ti gbó. Wíńdòsì inú rẹ̀ kò bóde mu mọ́, ẹ̀rọ náà kò sì lágbára tó láti gbé tuntun. Àfi kí wọ́n yan ètò mìíràn tí yóò máa darí rẹ̀, tàbí kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà mìíràn.

"Ẹ ra òmíràn jàre," ni ìyàwó Elétí wí. Onídìrí ni, ó ń fọ ìyarun rẹ̀ lọ́wọ́. "Wíńdòsì ni mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má kó mi sí wàhálà."

"Fara balẹ̀, ìyàwó mi. Jẹ́ kí n gbọ́ wọn ná."

Ẹ̀rín pa àna rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí òun wò ó. Elétí ní kí òun gbọ́ ọ! Ètò ọ̀fẹ́ méjì ló kó wá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì ni méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú fíláàṣì tirẹ̀.

Ó ki àkọ́kọ́ bọ ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́." Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, kí ohùn tó máa ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún afọ́jú tó jáde. Ohùn náà mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ojú Elétí kò túká. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: bí wọ́n bá ń to kọ̀ǹpútà, òun á fọwọ́ lẹ́rán bí àlejò tí kò bá onílé nílé, títí ẹni tó ríran á fi ṣe tán.

"Gbé ìkejì wá."

Àna rẹ̀ ki í bọ̀ ọ́, kò tíì tẹ nǹkan kan tí ẹ̀rọ fi dún: Pííì!

Elétí fò dìde. "Kí nìyẹn?"

"Ó ń sọ fún yín pé òun ti jí ni. Ẹ tẹ S, kí ẹ tẹ Ẹ́ńtà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn tín-ín-rín kan jáde, bíi ti ẹni tí imú rẹ̀ dí, ó ń béèrè èdè tó fẹ́.

"Èmi ló ń bi! Ẹ gbọ́, èmi ló ń bi!"

"Ohùn wo rèé?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ti àkọ́kọ́ dùn jù ú lọ fíìfíì."

"Ìyẹn ò kàn mí!" ni Elétí wí. Àna rẹ̀ na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù, Elétí gbá a dànù. "Má fọwọ́ kàn án!"

Ìbéèrè ń jáde, Elétí ń dáhùn, òógùn bò ó. Nígbà tí ohùn náà bi í bóyá kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, ìyàwó figbe ta: "Fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ wa ńkọ́?"

"Mo ti kó gbogbo ẹ̀ pamọ́, Àǹtí."

Elétí mí kanlẹ̀, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ẹ̀rọ parí iṣẹ́ tó sì tún ara rẹ̀ tàn, jíjó ni Elétí ń jó kiri yàrá. Ìyàwó rẹ̀ alára jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó wá ibi tí wọ́n ń kó fọ́tò sí, ó rí i.

"Áà, kò kúkú le. Ṣé lẹ́tà ẹ̀ lè tóbi sí i? Ojú tèmi náà ti ń rẹ̀ ẹ́."

"Á tóbi bí ilé!" ni Elétí wí, bí ẹni pé òun ló ṣe é. Ó wá kọjú sí àna rẹ̀. "Àna mi, ki fíláàṣì yẹn bọ̀ ọ́ padà. Mo fẹ́ tún gbogbo ẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, láìsí ẹni tó ríran nítòsí. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ, ẹ jáde, kí ẹ sì tilẹ̀kùn."

"Ọkùnrin yìí, ṣé orí yín pé báyìí?" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu ìyàwó, ó sì fa àbúrò rẹ̀ lápá aṣọ jáde.

Wọ́n fi etí lé ilẹ̀kùn bí olè. Wọ́n gbọ́ pííì. Wọ́n gbọ́ ohùn onímú dídí, wọ́n sì gbọ́ Elétí tó ń dá a lóhùn sókè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Ìyàwó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú pinpin.

Igbe ta nínú yàrá. "Ó ti ṣe o! Ẹ wọlé wá! Èmi nìkan ni mo ṣe é!"