Èjìdé Rẹ Kafé Sómi

Ìyà tí Fádèyí jẹ lórí kafé, ìyẹn kọfí, ẹlòmíràn ì bá ti dáná sun igi rẹ̀. Láyé òyìnbó ló ti gbìn ín sí Igana ní Dàhòmì. Ọdọọdún ló ń rù ú dé Sakété fún àwọn tó ń rà á, kò sì tọ́ ọ wò rí. Dàhòmì ti gbòmìnira báyìí, àìsàn sì ti dá bàbá dùbúlẹ̀ nílé ọmọ rẹ̀, Èjìdé, ní Pobè. Oúnjẹ kì í wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Abọ́ kafé kan péré ló gbé wá láti oko.

"Èjìdé, jẹ́ kí n mọ bó ṣe rí lẹ́nu kí n tó lọ."

Àkàrà ni Èjìdé ń dín tà. Ó wo èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo kóró kafé náà, ó ní ta ló kù tó máa kọ́ òun ní bíbó èèpo? Ó da gbogbo rẹ̀ sómi bí ẹ̀wà. Àìmọ̀kan ní ń mú èkúté-ilé pe ológbò níjà.

Nígbà tí Léon, ọkọ rẹ̀, ti ọjà dé, ó káwọ́ lérí.

"Ìyá Ẹ̀bùn! Gbígbẹ ni wọ́n ń gún un lódó, kí wọ́n tó fẹ́ ẹ! Tó bá bà jẹ́ ńkọ́?"

Òmíràn kò sí nílé, bàbá kò sì lè dúró de ìkórè. Èjìdé yára da omi náà nù, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná bó o lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́," ni bàbá wí.

Wọ́n jọ ń bó o. Oòrùn ti rọ̀, èèpo tó bá sì ti gbẹ ń bá atẹ́gùn lọ káàkiri àgbàlá. Bàbá di ojú, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lálàá: bí kafé bá tanná, gbogbo oko a funfun, òórùn rẹ̀ a tẹ̀ lé èèyàn wọlé, a sùn tì í. Èjìdé kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ń ṣiṣẹ́ mọ́, àfi bíi pé inú oko náà ló wà. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún bà jẹ́.

Wọ́n sá a títí ó fi gbẹ. Èjìdé yan án nínú ìkòkò gàrí, ó gún un, ó sè é. Léon mú súkà wá, bàbá ní rárá.

Ó mu ẹnu kan. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Omi kíkorò yìí? Èyí ni mo ń fi orí rù dé Sakété?"

Ni Èjìdé bá bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, Bàbá, èmi ni mo bà á jẹ́." Ó nawọ́ láti gba ife náà.

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú.

"Fi sílẹ̀. Mi ò tíì mu ún tán."