Kòkòrò Tó Bà sí Ètè Ọmọ

Ó bà sí ètè ọmọ, ó pa ìyẹ́ pọ̀, kò lọ mọ́. Oòrùn ìlú òyìnbó, èyí tí í yọ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ kó tó jáde, ń tàn sí i lára: ikùn pupa rúsúrúsú, orí dúdú bí kóró iṣin, ìyẹ́ bí èéfín. Ọmọ ń sùn lórí itan ìyá bàbá rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà náà, Màmá Àwẹ̀ró, gbé ọwọ́ sókè láti gbá a, ọwọ́ ọ̀hún sì dúró sókè.

Ṣé agbọ́n ni, àbí kì í ṣe agbọ́n?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nílé ọkọ rẹ̀, nílé lọ́hùn-ún, wọn kì í pa agbọ́n. Agbọ́n ló lé ogun fún bàbá ńlá wọn. Bó bá wá pa agbọ́n lórí ọmọ ilé náà, èèwọ̀ ni. Bí kò bá pa á, tó ta ọmọ ọgbọ̀n ọjọ́ létè ńkọ́? Yéè!

Ó tẹjú mọ́ ọn. Àwọ̀ agbọ́n ni, àwọ̀ agbọ́n gan-an. Ìbàdí dà? Agbọ́n ilé a máa tẹ́ẹ́rẹ́ níbàdí bí ẹni fi òwú so ó. Èyí, láti àyà dé ìdí, kò sí ibi tó ti fún. Ọkàn Màmá dàrú.

Gbọ́lágadé ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday, níbi tó ti ń gé igi ròósì. Ó ní kòkòrò kan wà tó ní ayùn lábẹ́ ìdí, tó fi ń rẹ́ ẹ̀ka ròósì, kó lè yé ẹyin síbẹ̀. Ó wà níhìn-ín, ó wà ní Faransé, ó wà ní Jámánì, títí dé Sàìbéríà nínú yìnyín. Òun àti agbọ́n jọra, ọ̀kan ń ta ni, ọ̀kan kì í ta ni. Èwo ni kì í ta ni? Omi ìwẹ̀ ọmọ ni Màmá ń rò nígbà yẹn, kò gbọ́ ìparí rẹ̀.

Èèwọ̀ ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó bá wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú? Kò mọ̀. Kò mọ̀, ẹ̀rù ń bà á, kòkòrò sì ti ń rìn lọ sí ihò imú ọmọ.

Ọwọ́ tó wà lókè wá ń sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́. Kò gbá a. Ó na ìka kan síwájú rẹ̀, ìka tó ti fi àkàmu tọ́ ọmọ mẹ́fà lẹ́nu. Bó bá jẹ́ títa ni, kó ta èyí. Kòkòrò gun ìka. Màmá di ojú, ó fún eyín pọ̀.

Kòkòrò ti fò lọ. Ó ti wà lórí ẹ̀ka ròósì, ó tẹ ìdí mọ́ ọn, ó ń rẹ́ ẹ. Màmá kò rí i. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ìka rẹ̀ ṣì wà ní nínà, ó ń retí ìrora tí kò dé. Ọmọ ń sùn.