Ìwádìí Àdúgbò Àbíjàn

Kí a tó fi ọmọbìnrin fọ́kọ, a ó kọ́kọ́ rán ẹni tó lóye lọ wádìí ìdílé tó ń lọ. Mátíù káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ti jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹbí nínú ìjọ wọn. Ojú rẹ̀ le, kì í ṣàwàdà, kì í sì í fi iyọ̀ sí ohun tó bá rí. Ìdí nìyí tí Adéníyì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fi wá bá a lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1988, tó dọ̀bálẹ̀, tó ní kí bàbá òun bá òun wádìí àdúgbò méjì tí ẹsẹ̀ òun kò tẹ̀ rí.

Àbíjàn ni àdúgbò méjèèjì wà. Iṣẹ́ wẹ́dà ni Adéníyì ń ṣe. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní sáàpù dé, irin ti di góòlù, àwọn tó ń ṣe géètì tẹ́lẹ̀ sì ti padà sí ilẹ̀kùn pákó. Josiah, àbúrò ìyá Adébùkọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Àbíjàn bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ púpọ̀, ti ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀, iṣẹ́ wà. Ó ti bá wọn rí ilé sí ibi méjì. Ọ̀kan wà ní àdúgbò tuntun lórí òkè, èkejì wà nínú agboolé ńlá kan lẹ́yìn ọjà. Kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n.

"Bàbá, ọmọ mẹ́ta ni mo fẹ́ kó dání," Adéníyì wí. "Bí ẹ bá wádìí tán, tẹ́ ẹ ní ibẹ̀ ò ṣe é tọ́mọ, èmi àti Bùkọ́lá nìkan la ó lọ. Àwọn ọmọ á dúró lọ́dọ̀ yín títí a ó fi rí ibi tó dáa."

"Mo gbọ́," ni Mátíù wí.

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dákẹ́ bí ẹnu rẹ̀. Láti ọdún tó kọjá tí Dorcas ìyàwó rẹ̀ ti kú, ariwo àwọn ọmọ yìí ló ń gbé e dìde láàárọ̀. Ìyanuolúwa ló ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ríolúwa ló máa ń kó ìṣó rẹ̀ pamọ́, tí yóò tún máa bá a wá a kiri. Dámisí, àbíkẹ́yìn, kò ní jẹun àfi bó bá jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Bó bá ní àdúgbò náà kò dára, wọn ò ní lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà kí àdúgbò méjèèjì burú. Ojú tì í, síbẹ̀ ó ṣe àmín.

Bí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lẹ́yìn odi máa ń wálé. Adébùkọ́lá, ìyàwó Adéníyì, júwe ilé obìnrin méjì tó ti Àbíjàn dé. Màmá James ń gbé lórí òkè, Marufat tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sàídù sì ń gbé lẹ́yìn ọjà. Mátíù wọ agbádá kékeré, ó wọ Pìjó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Màmá James gbà á tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó gbé mínírà tútù kalẹ̀ fún un. James ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àga lọ́tọ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ṣé àdúgbò náà dára?" Mátíù bi í.

"Ó dára gan-an, sà. Omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé. Iná kì í lọ. Iléèwé ò jìnnà."

"Àwọn aládùúgbò ńkọ́?"

"Èèyàn dáadáa ni wọ́n, sà."

Ó dúpẹ́, ó kọjá sí ilé àwọn Marufat. Ìyẹn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń dirun fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mátíù bi í ní ìbéèrè kan náà. "Ó dára, Bàbá. Èèyàn dáadáa ni wọ́n," ni òun náà wí.

Nígbà náà ni Mátíù mọ̀ pé òun ti ṣì í. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ba ibi tó ń gbé jẹ́ lójú àlejò? Bí ẹni ń bi olóúnjẹ bóyá ọbẹ̀ rẹ̀ dùn ni. Ó ń ro bí yóò ṣe gbé ìbéèrè náà gba ọ̀nà mìíràn nígbà tí bọ́ọ̀lù kan fò kọjá lórí rẹ̀, tó sì bọ́ sáàárín láfún tí wọ́n sá sórí àpáta. Sàídù, ọmọ Marufat, sáré tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú láfún.

Ìyá àgbà kan jáde láti ilé kejì, ó di etí ọmọ náà mú. "Ọmọ Faransé! Ṣé orí láfún ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nílùú yín?"

"Pádọ̀ǹ, Ìyá! Pádọ̀ǹ!"

"Pádọ̀ǹ kọ́, bàbá pádọ̀ǹ ni!"

Marufat kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí irun. "Ẹ fà á dáadáa, Ìyá. Etí ọ̀tún ti gbọ́ràn tẹ́lẹ̀, tòsì ló kù."

Mátíù sún àpótí tó jókòó lé síwájú. "Ìyá Sàídù, ní Àbíjàn tẹ́ ẹ wà, bẹ́ ẹ bá lọ sọ́jà, ta ló ń fa etí ẹ̀?"

Marufat bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò bá bi mí pé ta ni kì í fà á! Abdulkareem tó ń rán bàtà lẹ́nu ọ̀nà ń fà á. Ìyàwó pásítọ̀ kan wà tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa, Jímọ́ọ̀ tí Sàídù sá fún mọ́sáláṣí, òun ló nà án lọ síbẹ̀! Ìyá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Mọ́sí sì wà tó ń dín àkàrà. Kò gbọ́ Yorùbá rárá, àmọ́ ìgbátí ẹ̀ gbọ́ Yorùbá."

"Ẹ kì í bínú?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀. "Bàbá, ọmọ yìí tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dé etí ọ̀sà lọ́jọ́ kan. Ìyá Mọ́sí yẹn ló fi àkàrà sílẹ̀ nínú epo gbígbóná, tó sáré tẹ̀lé e. Àkàrà jóná. Ó wọ́ ọ wálé, ó nà án, ó bọ́ ọ yó, kí n tó ti ọjà dé. Aṣọ ni mo rà fún ìyá náà." Ó mú irun mìíràn dání. "N ò kúkú ní purọ́ fún yín, ilé ìgbẹ́ kan ni gbogbo agboolé ń lò. Ariwo ibẹ̀ sì pọ̀."

Mátíù padà sọ́dọ̀ Màmá James, ó bi òun náà ní ìbéèrè tuntun yìí. Ó ya obìnrin náà lẹ́nu.

"Ha, sà! Ta ló tó fọwọ́ kan James? Kálukú ló ti ilẹ̀kùn ẹ̀." Ó wo ọmọ rẹ̀ lórí àga, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, bàbá ẹ̀ ò sí nílé. James ló ń bu omi fún mi mu. Ó di ọjọ́ kẹta kẹ́nikẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Ẹni tó wá gba owó iná ni."

Mátíù kí i kú ewu. Nínú Pìjó tó ń gbé e padà sí Ọ̀yọ́, ó ń ro ohun tó gbọ́. Àdúrà rẹ̀ kò gbà. Ibi tó dára láti tọ́mọ wà, ó sì ti rí i.

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, Adéníyì àti Adébùkọ́lá ti ń dúró dè é ní pálọ̀. Wọ́n kí i kú ìrìn. Ó mu omi tán, kó tó sọ̀rọ̀.

"Tòkè yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Bí ẹ bá kú sínú ilé, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Tẹ̀yìn ọjà ńkọ́, Bàbá?" Adéníyì bi í.

"Ilé ìgbẹ́ kan ni gbogbo agboolé ń lò. Ariwo pọ̀. Ọ̀sà wà nítòsí, ọmọdé sì lè kó sínú ẹ̀." Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀.

Adéníyì wolẹ̀. Adébùkọ́lá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá. Kí wọ́n dúró. Ẹ ṣeun." Ó fa Dámisí mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun rẹ̀. Irun náà kò tíì tó tú. Àná ni wọ́n dì í. Ó ń tú u, ó tún ń dì í padà, kò sì sunkún.

Mátíù ń wo ìka rẹ̀. Ó mọ irú ìka bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Dorcas ni ìka tirẹ̀ náà ti ń fá pákó tó ti dán.

"N ò tíì sọ̀rọ̀ tán," ó wí.

Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí etí Sàídù títí dé orí àkàrà tó jóná. Nígbà tó dé ibi ìgbátí tó gbọ́ Yorùbá, Adéníyì rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Adébùkọ́lá ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ọjà ni kẹ́ ẹ gbé," Mátíù wí. "Ẹ kó wọn lọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

"Wọn ò rán mi níṣẹ́ láti wádìí ara mi. Dìde nílẹ̀."

Nínú oṣù Jánúárì, kí Marufat tó padà sí Àbíjàn, Mátíù kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá a ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a ti ń fa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ló tò wọ́n síwájú rẹ̀, tó ní kí wọ́n kí i.

"Ìyá Sàídù, àwọn ọmọ wa rèé. Onígbàgbọ́ ni wá, Mùsùlùmí ni yín, ìyẹn kọ́ la bá wá. Bí wọ́n bá hùwà rere, ẹ kí wọn. Bí wọ́n bá ṣìwà hù, ẹ má dúró de bàbá wọn."

Marufat kúnlẹ̀. "Mo gbà wọ́n, Bàbá. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó wá kí wọn lọ́hùn-ún."

"Àmín," Mátíù wí.

Marufat gbé àwo àádùn kalẹ̀ fún àwọn ọmọ náà. Ẹ̀ríolúwa na ọwọ́ òsì síwájú àwọn yòókù. Pà! Marufat ti gbá ọwọ́ náà.

"Ọwọ́ òsì! Ta lò ń fi bú?"

Ọmọ náà fa ojú ro, ó yíjú sí bàbá àgbà pé kó gba òun. Mátíù ti la ẹnu. Ó pa á dé, ó ń wo òkè igi máńgòrò bí ẹni tó ń wá èso.

Ẹ̀ríolúwa yíjú padà. Ó fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó na ọ̀tún. "Ẹ ṣé, mà."

Marufat bu méjì fún un.