Ènìyàn Márùn-ún Tí Ọ̀gá Wa Gbà

Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lánàá fún ọ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, torí inú ṣì ń bí mi.

O mọ̀ pé ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn nọ́ọ̀sì ni à ń ṣe, èmi nìkan ni ọ̀gá wa sì gbé e lé lọ́wọ́. Lójú àlá, mo lọ bá a, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣẹ́ ènìyàn márùn-ún nìyí."

Ó ní, "Mo ti gbà wọ́n síṣẹ́. Wọlé kí o rí wọn."

Mo ṣílẹ̀kùn. Èmi ni mo jókòó sórí àga márààrún. Èmi tó ń kọ ẹ̀kọ́, èmi tó ń ya àwòrán. Èyí tó yẹ kó ka ẹ̀kọ́ náà sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n búláòsì mi ló wọ̀. Kò sí èyí tó kí mi. Èyí tó ń kọ̀wé ju bírò lù mí: "Ṣebí ìwọ lo máa ń sọ pé kò sí wàhálà!" Ni tábìlì bá di omi, kọ̀ǹpútà ń rì.

Ọ̀gá yọjú, ó ní, "Ta ló máa parí rẹ̀ lónìí?"

Gbogbo wọn nàka sí mi. Mo wo ọwọ́ tèmi gan-an, Bọ́sẹ̀, òun náà ń nàka sí mi láyà.

Mo jí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí torí mo payínkeke mọ́jú. Má bá mi túmọ̀ rẹ̀ o. Mo ti kọ ọ́ sórí fóònù sí ọ̀gá pé mi ò lè dá a ṣe. Mi ò tíì fi í ránṣẹ́.