Àpótí Tó Gbọ́ Èdè Mẹ́rin

"Àpótí yìí, Faransé ni!"

"Ìgbà tó wà nílé ìdáná nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti dé pálọ̀ báyìí. Ó ti di Lárúbáwá."

"Ilé ìdáná ni wọ́n bí i sí!"

"Ta ló gbẹ̀bí ẹ̀? Ṣé ẹ̀yin ni?"

Orí àpótí ìjókòó tí wọ́n ń jà lé lórí yìí gan-an ni àbúrò dúró sí, tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá òwú aláǹtakùn kúrò lájà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dúró nísàlẹ̀, gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ọn níka, ó na bébà pélébé kan sókè bí ọlọ́pàá tó fẹ́ fún onímọ́tò níwèé ẹ̀sùn.

"Sọ̀kalẹ̀ kí n lẹ ìwé ẹ̀ padà. Ìwọ lo ya á."

"Mi ò ya nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ló ya á."

"Ẹsẹ̀ ẹ kì í ṣe tìẹ ni?"

"Tèmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì lẹ ìwé mọ́ ọn, mi ò wá mọ ọmọ ibi tó jẹ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń dá kọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní olùkọ́. Fóònù kan tójú ẹ̀ ti sán ló ní, òun ló sì ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Kéèyàn máa kọ́ èdè kan ṣoṣo, ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má bàa bá ara wọn jà nínú orí ẹ̀, ó pín yàrá fún wọn bíi lánlọ́ọ̀dù: Faransé wà nílé ìdáná, Lárúbáwá wà ní pálọ̀, èdè Sípéènì wà níbi tí wọ́n ń sùn, èdè Ṣáínà wà nílé ìwẹ̀. Ó gé bébà, ó kọ orúkọ sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo nǹkan tó bá ti dúró jẹ́ẹ́. Ọṣẹ níwèé. Ìkòkò níwèé. Ológbò ilé kejì wọlé lọ́jọ́ kan, ó sùn lórí àga pálọ̀; nígbà tó máa fi jí, ó ti di Lárúbáwá.

Òfin ẹ̀ le bí òkúta: ẹni tó bá wọ yàrá, èdè yàrá ni kó sọ. Bí kò bá gbọ́ ọ, kó panu mọ́. Tóun alára bá wá fẹ́ jà, èdè abínibí ló ń fi jà, torí ó ní ẹni tó ṣòfin kì í gbé abẹ́ òfin.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí ìyá wọn fi jáde látinú yàrá, tó ń fọwọ́ tọ ògiri.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò rí gíláàsì ojú mi?"

"Lárúbáwá, Mọ̀ọ́mì!" ẹ̀gbọ́n kígbe.

Ìyá wọn mí kanlẹ̀. Ó fi Lárúbáwá béèrè ibi tí gíláàsì ẹ̀ wà, ó ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa omi kànga.

"Mi ò rí i," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. Kò tiẹ̀ yíjú.

Àbúrò ló sọ̀kalẹ̀. Bó ṣe máa ń rí láràárọ̀ nìyẹn. Gíláàsì Ìyá kì í sùn síbì kan lẹ́ẹ̀mejì, àbúrò ló sì ń bá a wá a láti yàrá dé yàrá, táwọn méjèèjì á máa fi èdè ibi tí wọ́n bá dé béèrè lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà kan, àbúrò bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó lẹ bébà mọ́ gíláàsì náà. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀.

"Gíláàsì ò nílé," ló wí. "Alárìnkiri ni. Mi ò lè fún alárìnkiri níwèé ìlú."

Ni àbúrò bá lọ wá bí wọ́n ṣe ń béèrè gíláàsì fúnra ẹ̀ lórí fóònù tiẹ̀, lédè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi kọ́ Ìyá, torí bó bá panu mọ́ bí òfin ṣe wí, Ìyá á kàn máa fọwọ́ tọ ògiri títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Orí fíríìjì ni wọ́n ti rí i lónìí. Ìyá gbé e wọ̀, ó padà sí pálọ̀.

"Mọ̀ọ́mì, ẹ bá wa dá a," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Èdè wo ni àpótí yìí?"

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Igi ni," ló wí, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ibi iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń ṣiṣẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta kan. Àbúrò ń tún yàrá ṣe. Ẹ̀gbọ́n ń lọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, nínú yàrá kan tí kò ní ju fèrèsé kan lọ, fèrèsé ọ̀hún sì kọjú sí ògiri. Ọdún kẹfà ẹ̀ nìyẹn nídìí áyọ́ọ̀nù. Ó ti gbé ẹyin tútù síbẹ̀ wò rí láàárọ̀, ó sì jẹ ẹ́ ní bíbọ̀ lọ́sàn-án. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é ní Ògbufọ̀. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Òun gbà á bí oyè.

Ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn ni Máníjà pe gbogbo wọn jọ. Obìnrin kúkúrú kan ni, tó máa ń jẹ ìdí bírò bí ẹni ń jẹ ìrèké.

"Ọmọ tó ń gba àlejò níwájú máa fi wá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí. "Lọ́jọ́ Sátidé, tíṣà mẹ́wàá ń bọ̀ láti Ṣáínà, wọ́n fẹ́ wá ṣèpàdé. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá lè bá wọn sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ sì yé wọn, òun ló ni àga iwájú."

Abẹ́ fáànù ni àga ọ̀hún wà. Ọdún mẹ́fà ni Ògbufọ̀ ti fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn wo fáànù yẹn, bí ọmọdé tó ń wo bọ́ọ̀lù tó há sórí igi. Ọkàn ẹ̀ fò.

"Mà, ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíì. Èdè Ṣáínà, bí mo ṣe ń mí ni mo ṣe ń sọ ọ́."

"Níbo lo ti ń mí in?"

"Nílé ìwẹ̀, Mà."

Máníjà gé bírò jẹ.

Láti ọjọ́ yẹn títí di Fráídè, kò sẹ́ni tó rí ilé ìwẹ̀ lò nínú ilé. Ìyá á kanlẹ̀kùn, Ògbufọ̀ á ní kó fi èdè Ṣáínà kàn án. Àbúrò di ẹni tó ń bọ́jú nínú abọ́ nílé ìdáná, ó sì ń fi Faransé bọ́ ọ.

Àárọ̀ Sátidé, Ògbufọ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀ títí kọ́là ẹ̀ fi lè gé búrẹ́dì. Ó dúró nídìí tábìlì iwájú, ó gbé àyà síta. Bọ́ọ̀sì dé, tíṣà mẹ́wàá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn, bọ́ọ̀sì yí lọ sẹ́yìn ilé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, bàbá kan tí irun orí ẹ̀ funfun báláú, ló kọ́kọ́ wọlé. Ó gbá ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣubú. Ó tẹrí ba fún òpó. Ó wá kọjú sí Ògbufọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá.

Ògbufọ̀ lanu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó wá ọ̀rọ̀ lọ sápá ọ̀tún, ó wá a lọ sápá òsì. Ó rí àga, Lárúbáwá fẹ́ dé. Ó rí kọ́ọ̀bù, Faransé fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó yáa gbé e mì. Ti Ṣáínà ńkọ́? Ilé ìwẹ̀ ló kó gbogbo ẹ̀ sí, ó tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Òógùn yọ lábẹ́ kọ́là. Lórí ẹ̀ tààrà, fáànù ń yí, ó ń fẹ́ àga tó lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nísinsìnyí.

"Ògbufọ̀, a ń gbọ́ ẹ o," ni Máníjà wí.

Bàbá náà fi ìka méjì tọ́ka sí ojú ẹ̀. Ó tún tọ́ka sí i.

"Ahá!" Ògbufọ̀ pariwo. "Ojú! Eruku ti kó sí bàbá lójú. Wọ́n fẹ́ bọ́jú!"

Ó fà á lọ́wọ́, ó di yàrá ìfọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ó yí ẹ̀rọ omi. Bí omi ṣe dún ṣàà, Ṣáínà dé!

"Ọṣẹ!" ló ké. "Omi! Táwẹ́ẹ̀lì! Omi gbóná! Omi tútù! Ọṣẹ nìyí! Ọṣẹ dára!"

Èdè Ṣáínà pọ́ńbélé ni, ó ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀ wọ̀ọ̀, gbogbo ohun tó wà nílé ìwẹ̀ wọn látòkè délẹ̀, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Bàbá náà wò ó. Ó wo omi. Ọmọlúwàbí èèyàn ni, kò jiyàn, ó bọ́jú.

Àwọn mẹ́sàn-án tó kù rí àgbà wọn tó ń bọ́jú, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń gba àlejò níbẹ̀ nìyẹn, ni wọ́n bá tò sẹ́yìn ẹ̀. Ògbufọ̀ ń yin ọṣẹ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fún wọn ní táwẹ́ẹ̀lì tó lọ fúnra ẹ̀, tó ṣì ń gbóná. Wọ́n gbádùn ẹ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ ṣe tán, ó tún lọ tò.

Bàbá náà jáde, ojú ẹ̀ mọ́ fóó. Ó lọ bọ òpó lọ́wọ́.

"Ògbufọ̀, kí ni bàbá yìí ń wá?" Máníjà béèrè.

"Wọ́n ti rí i, Mà. Omi ni."

"Òpó ni wọ́n ń kí yẹn o."

"Inú wọn ló dùn, Mà."

Àsìkò yẹn ni àbúrò ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ látòkè pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ó rí bàbá arúgbó kan tó ń fọwọ́ tọ ògiri, bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́. Ó rí àpá pupa méjì lórí imú ẹ̀. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kò tiẹ̀ rò ó. Ẹnu ẹ̀ kàn là, bó ṣe ń là láràárọ̀ nílé ìwẹ̀, ó sì fi èdè Ṣáínà béèrè:

"Gíláàsì ojú yín dà?"

Bàbá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a mọ́ra. Ọ̀rọ̀ tó tú sílẹ̀ pọ̀, àbúrò ò gbọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìta ni bàbá ń nàka sí, ọ̀nà ibi tí bọ́ọ̀sì gbà. Ó fò síta. Ó bá dírẹ́bà níbi tó ti ń fẹ́ ṣíná sí mọ́tò. Abẹ́ àga ìkẹta ni gíláàsì wà, pẹ̀lú èèpo ọsàn.

Bàbá gbé e wọ̀. Ó wo òpó. Ó wo Máníjà. Ó tún wo òpó, ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì bá a rẹ́rìn-ín.

"Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?" Máníjà bi àbúrò.

"Nílé ìwẹ̀ wa ni, Mà. Ó ní ti ilé ìdáná náà." Ó sọ ọ́ ní Faransé. "Ó ní ti pálọ̀." Ó sọ ọ́ ní Lárúbáwá. Ó sọ ti yàrá ìsùn mọ́ ọn, kò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lójú kan.

"Ó ń rúfin!" Ògbufọ̀ kígbe láti ẹnu yàrá ìfọwọ́, táwẹ́ẹ̀lì wà léjìká ẹ̀. "Yàrá kan, èdè kan! Mà, ẹ wò ó, ó ti dà wọ́n pọ̀!"

"Ibi tí mo ń wá wọn sí nìyẹn, ibi kan náà." Máníjà yọ bírò lẹ́nu, ó fi tọ́ka sí àbúrò. "Láti Mọ́ńdè, ìwọ lo ni àga. Èyí tí o ò tíì mọ̀, wàá máa kọ́ ọ lọ."

Ògbufọ̀ wo fáànù. Fáànù ò wò ó.

"Ìwọ náà," Máníjà wí, "mo rí i pé àwọn àlejò fẹ́ràn omi ẹ. Obìnrin yẹn ti bọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta. Máa dúró síbi ẹ̀rọ omi láràárọ̀, kí o máa fún wọn ní táwẹ́ẹ̀lì. Tó bá di ọ̀sán, o padà sídìí áyọ́ọ̀nù."

Ààbọ̀ ọjọ́ láìsí áyọ́ọ̀nù! Kí wọ́n tó délé lọ́jọ́ náà, ó ti ń ṣàlàyé fún àbúrò ẹ̀ bí òun ṣe jáwé olúborí.

Ní Mọ́ńdè, àbúrò múra tán, ó gbé àpótí ìjókòó léjìká.

"Níbo lò ń gbé Faransé yẹn lọ?"

"Ibi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Tábìlì ibẹ̀ ga ju àga lọ. Bí mi ò bá gbé e lé orí àga kí n tó jókòó, irun mi nìkan ni àlejò máa rí."

"Kò níwèé ìrìnnà."

"Ó gbọ́ èdè mẹ́rin. Ta ló máa dá a dúró?"

"Faransé nìkan ló gbọ́!"

"Yàrá wo ni mi ò tíì gbé e dé? Gbogbo ohun tí mo gbọ́, orí ẹ̀ ni mo dúró sí gbọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n ronú díẹ̀. Ó gbá àtẹ́lẹwọ́.

"Ó dáa. Níbi iṣẹ́, ìwọ máa jókòó. Èmi máa dúró. Ẹni tó jókòó àtẹni tó dúró, ta ló ga jù?"

Àbúrò wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tún àpótí gbé dáadáa léjìká, kí ẹ̀rín má bàa já a gbà.

"Ẹ̀yin lẹ ga jù, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó parí! Mo borí!"

Ó yíjú padà, ó na ọrùn bí ẹṣin, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó yí ẹ̀rọ omi. Ó fi èdè Ṣáínà ro gbogbo ẹjọ́ náà fún ọṣẹ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọṣẹ ò jiyàn.

Ìyá wọn kanlẹ̀kùn. Ó fi èdè Ṣáínà béèrè gíláàsì ojú ẹ̀, kò sì fa ọ̀rọ̀ mọ́.

"Mi ò rí i!" ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. Kò tiẹ̀ yíjú.

Gíláàsì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ, ó ń wò ó.