Ìdọ̀bálẹ̀ Ẹgbẹ̀rún Mẹ́fà

Àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí kì í ṣe àlá òru. Ọ̀sán gangan ni mo lá a, lórí àga mi lẹ́bàá fèrèsé nílùú òyìnbó níbí, tí yìnyín ń já bọ́ sórí ọkọ̀ àwọn aládùúgbò. Lẹ́tà kan wà lórí itan mi. Àwọn tí a jọ kàwé ní Òkè-Àpárò ló fi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn kan fẹ́ kọ́lé sórí pápá ìṣeré ilé-ìwé wa, kí n kọ̀wé kí oṣù tó parí pé n kò fara mọ́ ọn, nítorí èmi ló dàgbà jù nínú wa tó ṣì ń mí. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti bẹ̀rẹ̀ èsì náà. Mo ti kọ ojú ìwé kan ààbọ̀, ìkíni nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ti kí ará ilé, mo ti kí ará oko, mo ń múra àtikí àwọn opó ni oorun gbé mi lọ.

Orí pápá náà ló gbé mi sọ̀ sí. Ọdún méjìlélógójì ni mo ti rí i kẹ́yìn, ṣùgbọ́n igi ọsàn tí a máa ń sáré lọ fọwọ́ kàn ṣì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Ohun tuntun kan ṣoṣo tí mo rí ni ọ́fíìsì alájà mẹ́ta kan tó léfòó lókè pápá, tí wọ́n fi okùn so mọ́ òpó gọ́ọ̀lù. Mo ní kò burú, ilẹ̀ ti wọ́n nílùú.

Mo fò díẹ̀, mo wọlé. Àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, àgbà mẹ́fà mẹ́fà láti ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣèpàdé lórí bí àwọn ọ̀dọ́ kò ṣe ní sanra jù. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti jókòó. Àga wọn ti ta gbòǹgbò. Mítípáì àti mínírà ń yí tábìlì po, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ mẹ́ta.

Olórí wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fálódún, ọmọ ìlú wa, onírùngbọ̀n ṣónṣó. Ó kí mi tayọ̀tayọ̀, ó ṣàlàyé pé ó ti rẹ ọ́fíìsì náà láti máa léfòó, ó fẹ́ balẹ̀ sórí pápá. Ṣùgbọ́n òfin orílẹ̀-èdè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ nílò pápá ọ̀hún. Wọn yóò gbé ọgọ́rùn-ún ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọn yóò sì ka ìdárayá wọn. Bí wọn kò bá sanra, tí ìdárayá wọn sì pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lójúmọ́, a jẹ́ pé pápá kò wúlò fún wọn mọ́. Mo ní òfin náà mọ́gbọ́n dání.

Ọmọbìnrin kan fa aṣọ mi. Ó ní Ìbídùnní lorúkọ òun. Ó sanra dáadáa, irú ọmọ tí ìyá mi ì bá rí kó sọ pé ìyá rẹ̀ kú ìtọ́jú. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ń sáré lọ sídìí ọsàn, òun lòun sì máa ń kẹ́yìn tẹ́lẹ̀.

"Mo ti di ìkẹrin báyìí, Bàbá," ó wí. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wa."

Mo ṣèlérí fún un. Ìlérí kì í nira lójú àlá.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé wá, mo mọ̀ ọ́n. Òṣùwọ̀n kòkó ni, èyí tó wà ní sítọ̀ọ̀ àwọn tó ń ra kòkó nígbà èwe mi. Òun náà mọ̀ mí.

"Ọmọ Ajíbóyè, ẹ ti darúgbó," ó wí. "Orí mi ni bàbá yín ń gbé kòkó sí títí ó fi kú. N kò sọ òótọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣì rántí wa. Mo wá bẹ̀ ẹ́ kó sọ òótọ́ nípa Ìbídùnní. Ó ní ó wu òun, ṣùgbọ́n gígé ni wọ́n kọ́ òun, wọn kò kọ́ òun ní kíkà pé. Nígbà tí ọmọ náà gun orí rẹ̀, ó wúkọ́, ó gé e sí ìdajì, ó ní, "Kò tíì gbẹ dáadáa. Ẹ lọ tún un sá." Orílẹ̀-èdè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà rù. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún gbogbo àwọn yòókù.

Ó wá ku ìdárayá. Wọ́n kó ọgọ́rùn-ún ọmọ náà wá síwájú àwọn àgbà. Ọmọ tí a kọ́ ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe rí àgbà, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n bọ́ síwájú àgbà kejì, wọ́n tún lọ sílẹ̀. Òyìnbó obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màdáàmù Helga di ẹ̀rọ ìkàye kan mọ́wọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ kẹ́ kẹ́ kẹ́. Ó ní ní ìlú àwọn, bí ọmọ kan bá lè ṣe mẹ́wàá irú rẹ̀, wọn yóò ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ kó wá wò ó.

Kí n tó mọ ohun tó ń kà, ó ku igba kó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Àgbà méjì ló kù tí wọn kò tíì kí. Mo sáré dí wọn lọ́nà. Mo wá sọ ohun tí ẹnu mi kò sọ rí láyé.

"Ẹ̀yin ọmọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má kí àgbà kankan mọ́."

Láti ojú fèrèsé mo rí igi ọsàn tó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọmọkùnrin kan fi pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Bàbá, ṣé níbi tí ẹ lọ yẹn ni wọ́n ti kọ́ yín bẹ́ẹ̀?"

Ojú tì mí. Ojú ti àwọn náà pé wọ́n gbó àgbà lẹ́nu, ni gbogbo wọn bá dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n má bínú. Kẹ́ kẹ́ kẹ́. Mo yára ní mo ti dárí jì wọ́n. Ni wọ́n bá tún lọ sílẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Kẹ́ kẹ́ kẹ́. Ó pé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fálódún dìde láti kéde. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn sí i, ìwo yọ, ó di òbúkọ. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ó wí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i; ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ó fò sílẹ̀, ó ń jẹ koríko pápá lọ, okùn sì tú. Ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìbídùnní ti wà nísàlẹ̀, ó ń sáré lọ sídìí ọsàn, òjìji ilé náà sì ń bò ó.

"Bàbá, ẹ sọ nǹkan," ó ké sókè.

Mo la ẹnu. Mítípáì ló wà níbẹ̀. N kò mọ ẹni tó fi í sí i. Wọ́n sì kọ́ mi dáadáa nílé wa pé a kì í jẹun sọ̀rọ̀. Mo ń rún un.

Ohun tó jí mi ni aago ọwọ́ tí ọmọ mi Mọ́rádéún rà fún mi, èyí tó ń ka ìṣísẹ̀. Ó ń gbọ̀n, ó ń kí mi kú iṣẹ́, ó ní mo ti rin ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lónìí. N kò tíì dìde lórí àga náà láti àárọ̀.

Mo bọ́ ọ sílẹ̀. Mo ya ojú ìwé kan ààbọ̀ tí mo ti kọ, mo mú òmíràn, mo sì kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ pé n kò fara mọ́ ọn, kí wọ́n fi pápá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Mo fi orúkọ mi sí i. N kò kí ẹnikẹ́ni.